"Wa" tí mo sọ ló sọ mí di onígbèsè

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka èsì tẹ́ ẹ fún arábìnrin tó kọ̀wé sí yín ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ní ọkọ òun ní kóun wá máa bá òun bójú tó ìwé owó níbi iṣẹ́ ẹ̀, tó wá ń bèèrè pé tí gbèsè bá wọ̀ ọ́ ńkọ́. Ẹ ní kó fọkàn balẹ̀, pé ẹni tó niṣẹ́ ló ni gbèsè, pé ìrànlọ́wọ́ lásán ni tiẹ̀. Ẹ má bínú sí mi o, ìdajì òótọ́ lẹ sọ, ìdajì kejì tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ yẹn èmi gan-an fi ọdún mẹ́ta san án, òun ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà yìí lóru tí gbogbo ilé ti sùn.

Ìyàwó mi ló ń ránṣọ, aṣọ iṣẹ́ táwọn kọ́ńpánì máa ń rán fáwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ó ní èèyàn mẹ́rin tó ń bá a ṣiṣẹ́, mi ò tíì rí ẹni tó mọ ẹ̀rọ ìránṣọ lò tó o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé sú u pátápátá, rìsíìtì kan á wà nínú báàgì, òmíì á wà lábẹ́ ẹ̀rọ, òmíì á ti di ohun tí wọ́n fi gé àwòṣe ọrùn aṣọ. Èmi iṣẹ́ olóṣù ni mò ń ṣe níbòmíì, tí mo bá dé lálẹ́ màá ṣí kọ̀ǹpútà màá bá a to gbogbo ẹ̀ jọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìwé títò lásán. Nígbà tó yá mo di ẹni tó ń ránṣẹ́ ra aṣọ, mo di ẹni tó ń bá kọ́sítọ́mà dúnàádúrà, nọ́ńbà fóònù mi wọ ara káàdì iṣẹ́ náà, lábẹ́ tiẹ̀. Ṣé mò ń gba nǹkan kan? Lóṣù tí ọjà bá yá, á na owó sí mi, á ní "Dádì, ẹ gbà, tiyín rè é." Kò sí iye kan pàtó, kò sí ìwé kankan, lóṣù míì ó pọ̀, lóṣù míì kò sí rárá.

Ẹ fọkàn sí ibẹ̀ yẹn o, mò ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń tà wá láṣọ láwìn. Látọjọ́ kìíní tí mo pè é lórí fóònù ló ti ń pè mí ní ọ̀gá, èmi náà ń jẹ́ ẹ. Gbogbo ohun tí mò ń bá a sọ, orí WhatsApp ni. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kó yípo aṣọ mẹ́fà wá." "A máa sanwó yín tóṣù bá parí." "Ṣọ́ọ̀bù wa ti kún, ẹ jẹ́ kí èyí tó kù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ẹ bi ara yín, ta ló ń sọ Yorùbá tó máa kọ̀wé sí oníbàárà pé "ìyàwó mi á sanwó yín, tèmi ò sí níbẹ̀"? Bí ẹni tó ń ta ìyàwó ẹ̀ lọ́pọ̀ ló máa rí. Ilé tí èmi nìkan kọ́, "ilé wa" ni mò ń pè é, ọmọ tí ìyàwó mi nìkan lóyún ẹ̀, "ọmọ wa" ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń sọ "ṣọ́ọ̀bù wa" tí ara ò fu mí.

Lẹ́yìn náà kọ́ńpánì kan tó gba bí ìdá méjì nínú mẹ́ta aṣọ tá a rán lọ́dún yẹn kó ẹrù ẹ̀, kò sanwó, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀. Àwa náà ò rówó san fún aláṣọ. Ó ní sùúrù fún oṣù mẹ́rin, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, lẹ́yìn náà lẹ́tà lọ́yà dé, orúkọ méjì ló wà lórí ẹ̀, ti ìyàwó mi àti tèmi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní wọ́n ṣèèṣì ni. Ìgbà tá a jókòó pẹ̀lú lọ́yà ọ̀hún, ó gbé ìwé kan tó nípọn jáde, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ lórí WhatsApp fún ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n tẹ̀ sórí ìwé, ó ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo "a" àti gbogbo "wa". Mo gbìyànjú láti kà á, nígbà tó lé ní ogójì mo ṣíwọ́.

Olóòtú, lọ́yà tèmi ló wá là mí lójú, ohun tó sọ yìí ò sì sí nínú èsì yín rárá. Òfin àjọṣe òwò kan wà tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1890, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó jogún òfin Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì ń tẹ̀ lé ìlànà ẹ̀. Abala 14 ẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fi ẹnu, tàbí ìwé, tàbí ìṣesí fi ara ẹ̀ hàn bí alájọṣe nínú òwò kan, tàbí tó mọ̀ tó sì jẹ́ kí wọ́n máa fi òun hàn bẹ́ẹ̀, tí ẹlòmíì bá torí ìyẹn dá òwò náà ní àwìn, ó máa dáhùn fún gbèsè yẹn bí ẹni pé alájọṣe ni lóòótọ́. Kò ní kí ìwé àdéhùn wà. Kò ní kí n ti fowó sílẹ̀. Ọkùnrin yìí ń pè mí ní ọ̀gá, mo ń jẹ́ ẹ, mo ní "a máa san," ó kó aṣọ fún mi, ó parí. Ẹyin lohùn, wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tá a bá fi WhatsApp sọ kì í fọ́ bí ẹyin, ó wà níbẹ̀ digbí títí lọ́yà á fi wá kó o.

Ó ku "tiyín rè é" tí mo ní kẹ́ ẹ fọkàn sí. Òfin 1890 yẹn kan náà sọ pé ẹni tó bá ń gba lára èrè òwò, ẹ̀rí nìyẹn jẹ́ pé alájọṣe ni, àfi kó lè fi hàn pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, bíi kó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń fi lára èrè san owó iṣẹ́ fún un. Lọ́yà wọn bi mí pé owó oṣù ni àbí ìpín èrè? Mi ò mọ èyí tí mo máa pè é. Tá a bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ni mo jẹ́, iye báyìí báyìí lóṣù, ì bá ti sàn fún mi. Owó tó ń lọ sókè tó ń lọ sílẹ̀ bí ọjà ṣe ń lọ, ojú èrè ni wọ́n fi wò ó. Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ẹ̀kún níbẹ̀ ni pé tí iṣẹ́ yẹn bá là, tẹ́nì kan wá rà á lọ́wọ́ ìyàwó mi ní owó gọbọi, mi ò ní ìwé kankan tí mo lè fi gba kọ́bọ̀ níbẹ̀. Nínú gbèsè alájọṣe ni mí, nínú ọrọ̀ mo jẹ́ àlejò!

Lọ́yà mi ní ká má lọ sílé ẹjọ́, pé a lè jàre a lè jẹ̀bi, ṣùgbọ́n owó ẹjọ́ á ju gbèsè lọ. A bẹ̀rẹ̀ sí í san án díẹ̀díẹ̀.

Mo rò pé ó ti tán síbẹ̀, àṣé báǹkì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní bí ọdún kan ṣáájú gbogbo wàhálà yìí, ìyàwó mi yáwó ní báǹkì láti ra ẹ̀rọ tó ń kọ orúkọ sára aṣọ. Wọ́n ní kó mú onídùúró wá. Ta ni ì bá tún mú wá? Mo tẹ̀ lé e lọ lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, mo fẹ́ tètè padà síbi iṣẹ́, arákùnrin tó wà nídìí tábìlì gbé ìwé síwájú mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo apá òkè, ó ń fi ìka nuni síbi ìlà tó wà nísàlẹ̀, "ẹ sáìn síbí sà, ẹ sáìn síbí, àti ibí," ó ń ṣí i lọ, bírò tí wọ́n so mọ́ tábìlì yẹn ò sì gùn dé ibi tó kẹ́yìn, mo ní láti nara kí n tó dé ibẹ̀. Mo rántí ìyẹn dáadáa. Ohun tí mo sáìn sí, mi ò ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ẹ̀.

Nǹkan méjì ló wà nínú ìwé yẹn tí mo fẹ́ kí arábìnrin yẹn mọ̀. Ìkíní, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ó jọ san án lápapọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ló sì máa dáhùn fún gbogbo ẹ̀. Èmi tí mo rò pé ìdajì ìdajì ni! Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé báǹkì lè fi ìyàwó mi sílẹ̀ kó máa rán aṣọ ẹ̀ lọ, kó wá gba gbogbo owó náà lọ́wọ́ èmi nìkan, èmi ni màá wá lọ bá ìyàwó mi sọ ọ́ nílé tí mo bá fẹ́ gba tiẹ̀. Ìkejì, mo ṣe onídùúró fún gbogbo owó tí iṣẹ́ náà bá jẹ báǹkì yẹn nígbà náà àti èyí tó bá máa jẹ lọ́jọ́ iwájú. Èmi rò pé owó ẹ̀rọ ni mo dúró fún. Ìyàwó mi san owó ẹ̀rọ yẹn ju ìdajì lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí kọ́ńpánì yẹn sá lọ, ó yá òmíì láti fi sanwó àwọn ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́, kò sọ fún mi nítorí pé kò fẹ́ kí n dààmú. Ìwé ọjọ́sí yẹn gbá òun náà mọ́ra.

Báǹkì yẹn kan náà lowó oṣù mi ń wọ̀. Fóònù mi dún lọ́jọ́ kan, owó oṣù ti wọlé, mo ń bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀ lọ, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó tún dún. Mo wò ó, ó kù díẹ̀ kó di òdo. Mo pè wọ́n, mo ní olè ti wọ àkáǹtì mi, ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní "rárá o sà, àwa ni."

Ìgbà tí mo wá ń ka nǹkan kiri ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ ńláńlá láìmọye ìgbà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2001, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Etridge, àwọn adájọ́ àgbà níbẹ̀ ní tí ìyàwó bá fẹ́ ṣe onídùúró fún gbèsè òwò ọkọ ẹ̀, tàbí ọkọ fún ti ìyàwó, kí báǹkì má kàn gbé ìwé síwájú ẹ̀, kó rí i dájú pé lọ́yà ti ṣàlàyé ewu ẹ̀ fún un lójúkojú, níbi tí ẹnì kejì ò sí. Ẹ gbọ́, níbi tí ẹnì kejì ò sí. Ìyàwó mi jókòó tì mí, ó ń bá mi di fáìlì mú! Ní Amẹ́ríkà, òfin kan wà látọdún 1974 tó ní tí ẹni tó ń yáwó bá kún ojú òṣùwọ̀n fúnra ẹ̀, olówó ò gbọdọ̀ fipá bèèrè pé kí ọkọ tàbí aya ẹ̀ wá sáìn sí i. Nílẹ̀ Faransé, tí ọ̀kan nínú tọkọtaya tí ohun ìní wọn pa pọ̀ bá ṣe onídùúró láìjẹ́ pé ìkejì fọwọ́ sí i, ohun ìní tiẹ̀ àti owó tó ń wọlé fún un nìkan ni wọ́n lè fọwọ́ kàn, àjùmọ̀ní wọn bọ́.

Àmọ́ ti Faransé tó wù mí jù kì í ṣe ìyẹn. Wọ́n ṣe òfin kan níbẹ̀ lọ́dún 2005 pé ẹni tó bá ń bá ọkọ tàbí aya ẹ̀ ṣiṣẹ́ òwò déédéé, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ohun tó jẹ́ fún ìjọba, ọ̀kan nínú mẹ́ta ni: òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù, tàbí alájọṣe tó ní ìpín, tàbí olùrànlọ́wọ́ tí kì í gbowó ṣùgbọ́n tí wọ́n ń san owó ìfẹ̀yìntì fún. Lọ́dún 2019 wọ́n tún fi kún un pé tí ẹ ò bá sọ nǹkan kan, òṣìṣẹ́ olówó oṣù ni wọ́n máa kà á sí. Látọdún 2022, ipò olùrànlọ́wọ́ yẹn ò lè kọjá ọdún 5 mọ́ láyé èèyàn, àwọn tí ò ṣègbéyàwó ṣùgbọ́n tí wọ́n jọ ń gbé náà sì láǹfààní sí i. Kò sí "mo kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni" níbẹ̀ mọ́. Ká ní ẹnì kan ti bi èmi àti ìyàwó mi ní ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ kìíní, pé kí ni Dádì yìí jẹ́ níbi, mo fẹ́ mọ èsì tá a máa fún un, nítorí mo mọ̀ pé tiẹ̀ àti tèmi ò ní bára mu.

Ẹlòmíì á ní kí ìyàwó mi lọ fi kọ́ńpánì sílẹ̀, kí gbèsè má dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó dáa, ó dáa gan-an. Ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń ṣe bàtà ní Lọ́ńdọ̀nù, Salomon, tó wà nínú ìwé ẹjọ́ ọdún 1897, ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé kọ́ńpánì yàtọ̀ sí ẹni tó dá a sílẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ márùn-ún ló sì kó jọ kí orúkọ lè pé méje tí òfin ìgbà yẹn ń bèèrè, ẹyọ ṣíà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìpín nínú kọ́ńpánì, ló fún wọn, gbèsè ò kàn wọ́n, kò kan òun náà. Ṣùgbọ́n báǹkì ò gọ̀. Kọ́ńpánì kékeré tó bá fẹ́ yáwó, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè ni onídùúró, tẹ́ ẹ bá ti sáìn, ẹ ti fọwọ́ ara yín da ògiri tó wà láàárín ẹ̀yin àti gbèsè kọ́ńpánì wó. Ọ̀rọ̀ owó orí náà wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, owó orí tí wọ́n bá yọ lára owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ẹni tó láṣẹ lórí owó níbẹ̀, tó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n san án fún ìjọba, tó wá fi san fún aláṣọ dípò ẹ̀, ìjọba lè gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ òun fúnra ẹ̀, ì báà má ní ṣíà kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń bá èèyàn yín sáìn ṣẹ́ẹ̀kì, ẹ wo ìyẹn dáadáa.

Mi ò ní kí arábìnrin yẹn má ran ọkọ ẹ̀ lọ́wọ́ o. Kí wọ́n kọ̀wé, ojú ewé kan tó, pé iṣẹ́ ta ni, kí ni ó ń ṣe níbẹ̀, kí ni ó ń gbà. Owó ara ẹ̀ tó bá kó síbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ pé ó yá wọn ni tàbí ó fi ta wọ́n lọ́rẹ, nítorí lọ́jọ́ ìjà ohun tí ọkọ máa pè ní ẹ̀bùn lòun máa pè ní gbèsè. Kó má fi káàdì báǹkì tiẹ̀ ra ọjà níbẹ̀, kódà bó jẹ́ ti ọjọ́ kan péré, nítorí ilé iṣẹ́ tó ni káàdì ò mọ ọkọ, òun ni wọ́n mọ̀. Tó bá sì di dandan kó ṣe onídùúró, kó ní kí wọ́n kọ iye tí kò gbọdọ̀ kọjá àti ọjọ́ tó máa parí. Tí báǹkì bá ní kò ṣeé ṣe, kó dìde. Ẹni tó bá ti sáìn sí èyí tí ò lópin tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ó lè kọ̀wé sí wọn pé látòní lọ òun ò dúró fún gbèsè tuntun mọ́, èyí tó ti wà nílẹ̀ ṣì máa kàn án ṣùgbọ́n kò ní máa ga sí i. Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ àfìgbà tó pẹ́.

Nínú ilé ńkọ́? A jà. Mi ò ní parọ́ fún yín. Mo sọ fún un pé ó fi mí pamọ́ sínú gbèsè tí mi ò mọ̀, ó ní "Dádì, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ̀ ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ṣọ́ọ̀bù wa ni, ìgbà wo ló wá di tèmi nìkan?" Mi ò rí èsì kankan fọ̀. Ìyá mi ló pè wá jókòó, wọ́n ní bá-mi-tan ò ní ká fara wa nítan ya, ẹ lọ san gbèsè yín. Ẹ gbọ́ ohun tí mọ́mì sọ, gbèsè *yín*.

A san án tán lóṣù méjì sẹ́yìn. Mo ṣì ń bá a to ìwé owó lálẹ́, àmọ́ ó ní àkáǹtì tiẹ̀ ní báǹkì míì, nọ́ńbà mi ti kúrò lára káàdì, ó ń san iye kan pàtó fún mi lóṣooṣù mo sì ń fọwọ́ síwèé pé mo gbà á. Tí mo bá máa bá aláṣọ sọ̀rọ̀ (ọkùnrin yẹn náà ni o, ó ṣì ń tà fún wa, ẹ wò ó mo tún ti sọ ọ́, ó ṣì ń tà fún *un*), ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ kọ ni pé "ìyàwó mi tó ni ṣọ́ọ̀bù ló ní kí n bá òun kọ ọ́ sí yín." Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣì ń pè mí ní ọ̀gá, mo máa ń dá a lóhùn pé ọ̀gá wà nídìí ẹ̀rọ.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀ yín, Olóòtú. Ẹ bá wa wá lọ́yà kan tó gbọ́ Yorùbá dénú, kẹ́ ẹ ní kó túmọ̀ ìwé onídùúró báǹkì láti ìlà kìíní títí dé ibi tí bírò ò dé, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé ìròyìn yín ní lẹ́tà gàdàgbà. Ká ní mo ti rí irú ẹ̀ kà lákòókò oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ǹ bá ti ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé ìwé yẹn lọ sílé ná.

Èmi ni òǹkàwé yín láti ọjọ́ pípẹ́.

Orúkọ mi nìkan ni mo fi sáìn sí i o. Ìyàwó mi ka lẹ́tà yìí tán, ó ní kí n fi tòun náà sí i, mo ní rárá, kó lọ kọ tiẹ̀.